Rótọ̀ Kì í Gba Òòlù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ fíríìjì ní Ìdógùn níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìdóàní, ní Ìfọ́n, títí dé Ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú yín. Mo bá a níbi tó ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì há kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kan mọ́lẹ̀. Ó ti fi ayùn irin là á sí méjì, ó wá ń fi òòlù kan rótọ̀ wọ orí kíráńkì. Láti ojú títì ni mo ti ń gbọ́ ìró òòlù náà kí n tó rí i. Mo ní, "Ọmọ mi, gbé òòlù yẹn sílẹ̀." Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó gbé e sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wá bi mí pé, "Bàbá, bí n kò bá kàn án, kí ni kí n fi wọ̀ ọ́?"

Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n kò ṣeé dáhùn lórí ìdúró. Mo délé, mo rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó hàn sí mi pé àwa ọ̀gá la jẹ̀bi. A ń kọ́ yín bí ẹ ó ṣe rọ gáàsì, bí ẹ ó ṣe jó páìpù pọ̀, bí ẹ ó ṣe pààrọ̀ rìlé, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìkòkò irin dúdú yẹn, a máa ń sọ fún yín pé kí ẹ lọ ra òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ìwé yìí.

Ohun méjì ló wà nínú ìkòkò náà: mọ́tò tí iná ń yí, àti pọ́ǹpù tó ń fún gáàsì mọ́ra. Mọ́tò fúnra rẹ̀ pín sí méjì. Sítétọ̀ ni èyí tó dúró gbọn-in, òun ni wọ́n we wáyà kọ́pà sí. Rótọ̀ ni èyí tó ń yí láàárín rẹ̀, kò sì sí wáyà lára tirẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò léra wọn, wọ́n wá da álúmínì yíyọ́ sínú ihò àwọn irin náà kó di ọ̀kan. Bí rótọ̀ bá ti ń yí, ó gbọ́dọ̀ yí kíráńkì dání. Kíráńkì ló ní orí tó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, orí yíyà yẹn ló ń ti písítìn lọ tó sì ń fà á bọ̀. Gbogbo òtútù tí à ń jẹ àǹfààní rẹ̀, láti orí omi inú ọ̀rá títí dé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí àwọn nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ tọ́jú sáàárín dìgírì 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì, orí ibi tí rótọ̀ ti di kíráńkì mú ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ibẹ̀ kò sì gùn ju ìka ọwọ́ lọ.

Ẹ ti rí oríṣi ìdè mìíràn, bóyá ẹ kò kàn fiyè sí i ni. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí fọkanáísà ń lò lẹ́bàá títì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lọ́tọ̀, pọ́ǹpù rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀, irin kékeré kan tí à ń pè ní kíì ni kì í jẹ́ kí púlì máa yí lófo lórí ṣáàfù. Ẹ tú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà nílé yín wò: ẹnu ṣáàfù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, ihò rótọ̀ rẹ̀ náà ṣe ṣóńṣó láti gbà á, bóòtù gígùn kan sì gba àárín rótọ̀ kọjá láti fà á mọ́lẹ̀. Bí bóòtù yẹn bá dẹ̀, ẹ lè fi sípánà fún un padà. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì ilé, ẹ kò ní rí kíì, ẹ kò ní rí bóòtù. Ṣáàfù róbótó ni, ihò róbótó ni, ihò náà sì kéré ju ṣáàfù tó fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ.

Ihò tó kéré ju ohun tó fẹ́ wọ̀ ọ́, báwo ló ṣe gbà á?

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo fẹ́ràn láti máa jókòó sí ilé àgbẹ̀dẹ. Mo rí i tí alágbẹ̀dẹ ń fi òrùka irin sí ẹnu èèkù kí igi má baà là. Ó ti òrùka náà bọ iná, ó fẹ́ ẹwìrì títí òrùka fi pọ́n, ó fi ẹ̀mú mú un, ó sì gbé e ka orí igi. Òrùka tí kò gba igi yẹn rárá nígbà tó tutù, ó rọra lọ sílẹ̀ bí ẹni wọ ẹ̀gbà. Ó da omi sí i, èéfín sọ. Láti ìgbà náà, kò sí agbára ọwọ́ tó lè yọ ọ́ mọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí iná kò sún òrùka náà kì bí ó ṣe ń sún awọ kì. Ó wò mí, ó ní irin kì í ṣe awọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dé ẹnu iṣẹ́ fíríìjì ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà. Bí irin bá gbóná, gbogbo ara rẹ̀ ló ń fẹ̀, ihò inú rẹ̀ náà sì ń fẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín rò pé ihò yóò kéré sí i. Rárá o.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, nítorí iṣẹ́ yìí kò gba "ó tó, ó tó." Fún dìgírì kan ṣoṣo tí ìgbóná bá fi kún ti tẹ́lẹ̀, irin ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù kan. Ká ní ihò rótọ̀ yín jẹ́ mílímítà 20, ẹ sì fi dìgírì 200 kún ìgbóná rẹ̀. Ẹ sọ 20 di ìlọ́po 12, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 200, ẹ fi mílíọ̀nù kan pín in. Yóò fún yín ní 0.048 mílímítà. Bébà tí wọ́n fi ń ṣe fọ́tókọ́pì nípọn tó nǹkan bí 0.1 mílímítà, ìyẹn ni pé ìdajì bébà kan péré ni ihò yín fi fẹ̀. Inú ìdajì bébà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ihò àti ṣáàfù nígbà tí wọ́n tutù kéré ju ìyẹn lọ. Ìdí nìyẹn tí rótọ̀ tó gbóná dáadáa fi máa ń fi ìwúwo ara rẹ̀ nìkan sọ̀ kalẹ̀, láìsí pé ẹnì kan tì í. Bó bá ti ń tutù, ihò ń pa dé, irin á sì di irin mú.

Ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, bí ti Embraco tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Joinville ní Bràsíìlì ní 1971, tàbí Danfoss ti Dẹ́ńmáàkì tó ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀ títí di 2010, tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá ti rọ gáàsì rí, irú ìdè yìí ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ń wọn ṣáàfù, wọ́n ń wọn ihò, wọ́n ń mú rótọ̀ gbóná, wọ́n sì ń gbé e lé ibi tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀. Kì í ṣe pé irin tiwọn yàtọ̀ sí èyí tó dé ọwọ́ yín. Ìgbà tó bá dé ọwọ́ wa ni òòlù máa ń wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ tún mọ ìdí tí wọ́n fi dé mọ́tò àti pọ́ǹpù pọ̀ sínú ìkòkò kan. Láyé àtijọ́, mọ́tò wà níta, ṣáàfù ni ó gba ara pọ́ǹpù kọjá wọ inú. Ibi tí ṣáàfù gbà wọlé yẹn, gáàsì ń gbà á jáde. Wọ́n wá gbé mọ́tò wọlé pátápátá, wọ́n fi irin jó ẹnu rẹ̀ pa. Ní 1927 ni General Electric gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn ilé ìdáná Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Monitor Top, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ wà lórí fíríìjì bí ẹni ru igbá. Jíjò gáàsì dínkù gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ojú kò ti rí inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ mọ́. Bí ẹ bá ti dé e tán, oníbàárà kò lè wò ó, ọ̀gá yín kò lè wò ó, ẹ̀yin náà kò lè wò ó mọ́. Ẹni tó bá ṣe iṣẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló mọ ohun tó ṣe.

Mo mọ èyí tí mo ṣe. Ọdún kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀ ni. Ìyá ẹlẹ́ja kan láti Ìdógùn níbí gbé fírísà rẹ̀ wá, kọ́ìlì ti jó. Ọ̀gá mi we wáyà tuntun sí i, ó tọ́jú gbogbo ẹ̀ dáadáa, ó sì ní kí n mú rótọ̀ gbóná kí n gbé e wọ̀ kí òun tó ti ọjà dé. Gáàsì tí mo ń fi jó o ti fẹ́ẹ̀ tán, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀gá bá mi lẹ́nu rẹ̀. Mo gbé rótọ̀ kúrò lórí iná kó tó gbóná tán. Ó wọlé dé ìdajì, ó gán. Mo mú òòlù. Mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì dé ibi tó yẹ kó dé. Nígbà tí mo fi ọwọ́ yí i, ibì kan wà tí ara rẹ̀ ti ń ha ara sítétọ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ọ. Ọ̀gá dé, ó bi mí pé ṣé ó wọ̀ dáadáa. Mo ní, "Ó wọ̀, sà." A gbé e fún wẹ́dà, ó jó o pa.

Fírísà náà dì. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi dì, ó wá dákẹ́ lóru ọjọ́ kan tí ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó páálí ẹja méjì sínú rẹ̀. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, kò pariwo. Ó jókòó sórí àga, ó ní, "Ẹja ti rà o. Owó àjọ ni mo fi rà á." Ọ̀gá mi fi ayùn la kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà padà. Rótọ̀ ti ha sítétọ̀ títí, wáyà ti bó, kọ́ìlì tuntun ti dúdú. Ó yọ rótọ̀ náà sí gbangba, ó gbé e sí oòrùn, ojú òòlù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lára álúmínì rẹ̀ kedere. Álúmínì kì í gbàgbé òòlù. Mo dọ̀bálẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló fi kún àsìkò ìkọ́ṣẹ́ mi, mo sì ń san owó ẹja náà díẹ̀díẹ̀. Ìyá náà ti lọ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ ìró òòlù lára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, òun ni mo ń rí lórí àga yẹn.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ bí à ń ṣe é.

Iṣẹ́ náà ti fẹ́ẹ̀ parí kí iná tó dé ọ̀rọ̀. Ẹ fi màíkírómítà wọn ṣáàfù ní ojú mẹ́ta: lókè, láàárín, nísàlẹ̀. Ẹ wọn ihò rótọ̀ bákan náà. Bí ihò bá ti fẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ṣáàfù, nítorí pé ẹnì kan ti fi ipá yọ ọ́ rí, rótọ̀ yẹn ti kú. Kò sí iná tó lè jí i, ẹ má ṣe fi gọ́ọ̀mù tàn án. Ẹ nu gbogbo epo kúrò lójú méjèèjì, nítorí irin tó bá ní epo lójú kì í di ẹnì kejì rẹ̀ mú bó ṣe yẹ. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà gòkè nínú kíráńkì, kí ìdọ̀tí má baà dí i. Kíráńkì gbọ́dọ̀ ti wà ní ipò rẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù kí rótọ̀ tó wọ̀ ọ́, torí pé lẹ́yìn tí rótọ̀ bá ti wọlé, kíráńkì kò ní í jáde mọ́. Mo ti rí ẹni tó gbàgbé èyí, tó ní láti tú gbogbo rẹ̀ padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí rótọ̀ yóò dúró sí. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti búlọ́ọ̀kù kí kíráńkì lè mí, kó má sì mì jù. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn mẹkáníìkì fi ń sẹ́ẹ̀tì pílọ́ọ̀gì ni kí ẹ fi sáàárín, kí ẹ wá fà á yọ nígbà tó bá tutù. Orí rótọ̀ àti orí sítétọ̀ gbọ́dọ̀ bára dọ́gba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì, agbára màgínẹ́ẹ̀tì yóò máa fà á lọ sí ibi tó yẹ kó wà tẹ́lẹ̀, yóò máa kùn, ibi tí kíráńkì jókòó lé yóò sì máa jẹ. Bí irin ìdọ́gba bá wà lára rótọ̀, ẹ sàmì sí ibi tó kọjú sí kí ẹ tó yọ ọ́ rárá. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí fún èyí, ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi sàmì.

Ní ti iná, mo bẹ̀ yín, ófùn sàn ju gáàsì jíjó lọ. Èmi ra ófùn kékeré kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ nìkan, torí a kì í gbé irin tó ti mu epo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọ inú ohun tí à ń fi se oúnjẹ. Ófùn ń mú gbogbo ara rótọ̀ gbóná dọ́gba. Iná gáàsì àti ọ́síjìn tí ẹ fi ń jó páìpù lè kọjá dìgírì 3,000, dìgírì 660 péré sì ni álúmínì fi ń yọ́. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé álúmínì kì í pọ́n bí irin kó tó yọ́. Ẹ ó máa retí àwọ̀, àwọ̀ kò ní wá, ẹ ó kàn rí i tó ń kán. Bí àwọn ọ̀pá álúmínì inú rótọ̀ bá ti já, mọ́tò náà yóò máa kùn láìlágbára, kò sì sí mítà tó máa tètè sọ fún yín. Bó bá jẹ́ iná gáàsì nìkan lẹ ní, ẹ jẹ́ kó jìnnà, kí ó máa rìn yí rótọ̀ ká, kò gbọ́dọ̀ dúró lójú kan.

Nígbà tó bá tó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ awọ, ẹ gbé e tààrà, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo ni o. Bí ara rótọ̀ bá ti kan ṣáàfù tó tutù, ìgbóná ń ṣí kúrò lára rẹ̀ bọ́ sára ṣáàfù nìyẹn. Kí ẹ tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ó ti lè dì í mú. Bí ó bá gán lójú ọ̀nà, ẹ má tì í, ẹ má kàn án. Ẹ tètè tún mú un gbóná, ẹ fi púlà yọ ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí ó bá wọlé tán, ẹ fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ lè da omi sí òrùka tirẹ̀, ẹ̀yin kò lè da omi sí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀: omi àti gáàsì fíríìjì kì í gbé inú ilé kan náà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Àwọn baba wa kò rí rótọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí irin.

Ìgbà tó bá tutù ni kí ẹ tó fi ọwọ́ yí i. Àlàfo tó wà láàárín rótọ̀ àti sítétọ̀ nínú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kò ju nǹkan bí 0.3 mílímítà lọ. Ẹ fi irin pẹlẹbẹ yẹn wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́rin. Ẹ tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ fẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ẹ má pe wẹ́dà. Iná wa ní Nàìjíríà ń lù ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń yí rótọ̀ yẹn ní nǹkan bí ìgbà 2,900 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ha lẹ́ẹ̀kan ní ọwọ́ yín yóò ha ní ìgbà méjìdínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí fíríìjì bá sì gbéra, láti ìdúró pátápátá ló ti ń fò sí eré yẹn. Níbẹ̀ gan-an ni rótọ̀ tí kò dì dáadáa ti ń yọ̀ lórí ṣáàfù: mọ́tò ń yí, ó ń jẹ iná, pọ́ǹpù dúró, páìpù tó yẹ kó gbóná kò gbóná.

Ẹ má wá gbọ́ èyí kí ẹ máa la gbogbo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tó bá kùn. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, iná háàfù kọ́rẹ́ǹtì ló ń dà wọ́n láàmú. Agbára tí mọ́tò fi ń gbéra máa ń já wálẹ̀ ju bí fólítì ṣe já lọ. Bí iná tó yẹ kó jẹ́ 230 bá di 160, agbára ìgbéra kò tó ìdajì mọ́. Bó bá di 115, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin. Mọ́tò á kùn, ofalóòdù á já, onílé á ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ti bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wọn fólítì lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń gbìyànjú láti gbéra. Ẹ wo rìlé, ẹ wo kàpásítọ̀. Ẹ wọn ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, S ti ìgbéra, R ti ìyí, C tí méjèèjì jọ ní: láàárín S àti R ni òǹkà gbọ́dọ̀ ti pọ̀ jù, láàárín C àti R ni ó gbọ́dọ̀ ti kéré jù. Bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ tí wọ́n mú un dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí gáàsì inú páìpù lè bára dọ́gba. Ayùn ló gbẹ̀yìn.

Àwọn kan tún wà tí n kò fẹ́ kí ẹ mú súnmọ́ iná rárá. Fíríìjì ìgbàlódé tí wọ́n kọ ínfátà sí lára, màgínẹ́ẹ̀tì gidi ló wà nínú rótọ̀ tiwọn. Ìgbóná tó pọ̀ ń pa màgínẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó gbé rótọ̀ wọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ ó rí i tó dì, kò ní í ní agbára kankan mọ́. Èyí tí wọ́n bá kọ R600a sí, tí wọ́n ya àmì iná sínú igun mẹ́ta, ọmọ ìyá gáàsì ìdáná ló wà nínú rẹ̀. R12 tí èmi fi kọ́ṣẹ́, àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ló lé e kúrò nílẹ̀. R12 kì í gbiná. R600a ń gbiná. Ẹ má ṣe gbé iná súnmọ́ páìpù rẹ̀ nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú rẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Lẹ́yìn tí wẹ́dà bá ti jó kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ pa, ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jò. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ń fi ọ́síjìn wẹ́dà fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Ọ́síjìn tí wọ́n fi agbára rọ wọ inú irin tí epo wà, bọ́ǹbù ni. Kò nílò kí ẹnì kan ṣá iná sí i. Náítírójìn ni kí ẹ lò. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ dúró títí ẹ ó fi rí i. Ìyá tó bí yín kò rán yín sí ẹnu iṣẹ́ kí wọ́n wá fi aṣọ ká yín padà.

Ṣé ó wá yẹ kí ẹ máa la kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fíríìjì ilé rárá? Ní tèmi, bí oníbàárà bá lágbára tuntun, ẹ jẹ́ kó ra tuntun. Iṣẹ́ tí wọ́n ti dé láti ilé iṣẹ́ kì í rí bákan náà mọ́ lẹ́yìn ayùn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlú tí a wà. Ẹni tó ń ta omi tútù ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ lè má ní owó tuntun lónìí, tòkunbọ̀ tí wọ́n bá sì gbé fún un, ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó ti là á rí. Bí ẹ bá fẹ́ là á, ẹ sọ fún oníbàárà lójúkojú pé ẹ fẹ́ là á, kí ẹ sì sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ńlá ti ilé òtútù tí wọ́n fi bóòtù dé ẹnu wọn, wọ́n ṣe wọ́n kí á lè ṣí wọn ni, kíì àti bóòtù ló sì di rótọ̀ ọ̀pọ̀ wọn mú. Ẹ kọ́ àwọn yẹn dáadáa, owó wà nínú wọn. Ẹni tó bá mọ inú kékeré kò ní bẹ̀rù inú ńlá.

Ẹ má sì jẹ́ kí fírídọ̀ọ̀mù máa lé yín. Mo rí àwọn tó ti ya fọ́tò, tó ti ran aṣọ ẹgbẹ́, tí wọn kò tíì di màíkírómítà mú rí. Owó aṣọ yẹn lè ra màíkírómítà. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin òbí náà tí ẹ ń yọ ọ̀gá lẹ́nu pé ọdún ti pé.

Ọmọ tí mo bá lọ́jọ́ Sátidé, a jọ wọn ihò rótọ̀ rẹ̀. Òòlù ti bà á jẹ́, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní kíráńkì àtijọ́ mẹ́rin àti rótọ̀ wọn nílé, mo ti nù wọ́n, mo ti wọ̀n wọ́n, ófùn wà nílẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdógùn. N kò gba owó. Olúkúlùkù yín yóò gbé ọ̀kan wọ̀ fúnra rẹ̀, yóò sì yọ ọ́ padà. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ àti ìwé tí ẹ ó fi kọ òǹkà dání, kí ẹ fi òòlù sílẹ̀ nílé.